Ká Tó Yìnbọn, Ká Wo Iye Irin: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Bá Ọ̀rẹ́ Ta Victoria 3 Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta jọ ta Victoria 3, géèmù kọ̀ǹpútà tí olúkúlùkù ti ń darí orílẹ̀-èdè kan, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Bẹ́ljíọ̀mù ni mo mú, ọ̀kan nínú wọn sì mú Nẹ́dálándì tó múlé gbè mí. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, bárékè ni mo gbájú mọ́. Mò ń kọ́ ọ, mò ń kó ọmọ ogun sí i, inú mi sì ń dùn pé ọmọ ogun mi ti pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Òun ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Igi ló ń gé, irin ló ń rà wọlé, irinṣẹ́ ló ń rọ, ilé-iṣẹ́ ìbọn ló ń kọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo gbé ogun lọ bá a tí mo ṣí ojú ewé ọjà wò: ìbọn tí iye ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ £60 ti di £105, géèmù yìí kì í sì í jẹ́ kí ó wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò ìjọba mi gbẹ táútáú, ìbọn ò kárí àwọn ọmọ ogun mi, mo sì túúbá.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti ọjọ́ náà, inú ọjà ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ogun, ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó yìnbọn. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo kọ síbí, fún ẹni tí kò tíì ta á rí àti ẹni tó ti ta á tí wọ́n sì fìyà jẹ bíi tèmi.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: Paradox, ilé-iṣẹ́ kan ní Stockholm ní Swídìn, ló ṣe géèmù yìí, ó sì jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2022. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1836 ni eré ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń parí ní 1936. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko, láti ìgbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé títí di ìgbà mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú. Orílẹ̀-èdè kan lódindi ni ẹ máa mú lọ́wọ́: àgbẹ̀ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, òfin rẹ̀, gbèsè rẹ̀, ogun rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kọ̀ǹpútà, dátà, iná

Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ (àyè ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 8GB lè gbé e, àmọ́ 16GB ló máa jẹ́ kí ara tù yín. Lórí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ ti máa rà á, ẹ sì fi nǹkan bíi 10GB sílẹ̀ fún un. Tí dátà bá wọ́n lọ́dọ̀ yín, ibi gbígbà á sílẹ̀ yìí gan-an ni ìnáwó wà. Ẹ lọ ṣe é níbi tí Wi-Fi bá wà. Téèyàn bá ti wọnú eré tán, dátà tó ń jẹ kéré, nítorí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ń dá ṣírò gbogbo ayé fúnra rẹ̀, àṣẹ tí ẹ pa nìkan ló ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ló fà á tí kọ̀ǹpútà ẹnì kan tó lọ́ra fi máa ń dá gbogbo yín dúró. Òun náà ló fà á tí kọ̀ǹpútà méjì fi lè ṣírò nǹkan kan sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí eré á sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Mo máa padà síbẹ̀.

Ní ti iná, ẹni tó gbé eré kalẹ̀ fún àwọn yòókù gbọ́dọ̀ ní bátìrì tàbí ínfátà. Tí iná ti ẹlòmíràn bá lọ, ó lè padà wọlé lẹ́yìn náà. Tí iná ẹni tó gbé e kalẹ̀ bá lọ, gbogbo yín lẹ jáde nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dá ta ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ ná

Ẹ má kọ́kọ́ lọ bá ènìyàn. Ẹ mú Bẹ́ljíọ̀mù, kí ẹ dá ta á láti 1836 dé 1846, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù? Orílẹ̀-èdè kékeré ni, ojú ẹni sì lè ká a. Apá ibẹ̀ tó ń jẹ́ Wallonia ní irin àti èédú, apá tó ń jẹ́ Flanders sì ní èrò. Bó ṣe rí gan-an nínú ìtàn náà nìyẹn: 1830 ni wọ́n ya kúrò lára Nẹ́dálándì, ilé-iṣẹ́ irin ti Cockerill sì ti wà ní Seraing lẹ́bàá Liège láti 1817. Ọ̀kan nínú àwọn rélùwéè àkọ́kọ́ tó gbé èrò pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń lo ooru omi ní ilẹ̀ Yúróòpù, yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, láàárín Brussels àti Mechelen ló ti rìn ní oṣù karùn-ún 1835.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló máa ń kọ́kọ́ wo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lórí máàpù náà, kí ọkàn wa sì fà síbẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ni 1836 bọ́ sí, tí Àtìbà ń tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́ Ọ̀jà. Ọdún 1851 ni ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, nígbà tó sì di 1861 wọ́n gbà á pátápátá. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn, tó sì wá rí i bí géèmù ṣe ń ṣírò irin àti ìbọn, á rí ìdí tí àwọn baba wa kò fi lè dá ọkọ̀ wọ̀nyẹn dúró, kì í ṣe àìlágbára ọkàn. Àmọ́ àwọn ìlú tí àwọn aláṣẹ ayé kò tíì kà sí, bíi Sókótó, ṣòro púpọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọwọ́ lára Bẹ́ljíọ̀mù ná.

Bí ẹ ṣe ń ta á, ọ̀rọ̀ tó bá ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ lójú ewé, ẹ gbé máòsì lé e kí ẹ dúró díẹ̀. Àlàyé á yọ, inú àlàyé yẹn ẹ tún máa rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ẹ lè gbé e lé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọjà

Ibí ni kókó wà, ẹ má sáré kọjá.

Ohun gbogbo nínú géèmù yìí ní iye ìpìlẹ̀. Igi £20, aṣọ àìtíìrán £20, ọkà £20, èédú £30, irin £40, irinṣẹ́ £40, stíìlì £50, ìbọn £60, ìbọn àgbá £70. Tí iye tí wọ́n ń tà bá dọ́gba pẹ̀lú iye tí wọ́n ń rà, iye ìpìlẹ̀ yẹn lẹ máa rí. Tí àwọn tó fẹ́ rà bá pọ̀ ju àwọn tó ń tà lọ, owó gòkè. Tí ọjà bá kún ju oníbàárà lọ, owó lulẹ̀. Àmọ́ kò lè gòkè kọjá ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì lè lulẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Irin tó jẹ́ £40 yìí, £10 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, £70 ni òkè rẹ̀.

Ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un. Tó bá rí i pé tòmátò wọ́n lówùúrọ̀, ó mọ̀ pé ẹrù ò wọlé dáadáa. Irú ojú yẹn ni kí ẹ fi wo ojú ewé ọjà. Ní gbogbo ọdún kan nínú eré, ẹ ṣí i, kí ẹ sì bi ara yín: kí ló wọ́n, ta ló ń rà á, kí ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣé ohun tí wọ́n fi ń ṣe é yẹn wọ́n tàbí ó pọ̀?

Àpẹẹrẹ kan rèé. Ká ní irinṣẹ́ ti di £58, irin wà ní £31, igi wà ní £19. Ilé-iṣẹ́ irinṣẹ́ ń ra ohun tí kò wọ́n, ó ń ta ohun tó wọ́n. Ẹ kọ́ méjì sí i. Tó bá di oṣù mélòó kan, irinṣẹ́ á wálẹ̀, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nítorí ilé-iṣẹ́ tuntun ti ń jẹ ẹ́. Nígbà náà ó kan ìwakùsà irin. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé owó ọjà báyìí fún ọdún mẹ́wàá, tí kò tiẹ̀ mọ nǹkan mìíràn, á ti kọjá ìdajì àwọn tí mo bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ́ àwọn tó ń kọ́lé

Ilé kan wà tí géèmù ń pè ní Construction Sector. Àwọn kọ́lékọ́lé yín ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni ilé-iṣẹ́, ìwakùsà, ibùdókọ̀ òkun àti bárékè yín á ṣe yá tó. Nítorí náà òun ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó máa pọ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀, láìdáwọ́ dúró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, igi àti aṣọ àìtíìrán ni wọ́n fi ń kọ́lé. Lẹ́yìn náà ẹ lè yí i padà sí ilé onírin, tó ń yára púpọ̀ ṣùgbọ́n tó ń jẹ irin àti irinṣẹ́. Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ ni kéèyàn tẹ ìyípadà yẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo láì múra. Irin á fò lọ sí £70, irinṣẹ́ á tẹ̀ lé e, owó tí ìjọba ń ná sórí ilé kíkọ́ á sì wú bí ẹ̀wà inú omi.

Ẹ tò ó báyìí: ẹ gé igi kún un, ẹ wa irin kún un, ẹ kọ́ ilé-iṣẹ́ irinṣẹ́. Ẹ yí ilé-iṣẹ́ irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ kúrò lórí igi lásán sí irin àti igi, torí ó ń mú irinṣẹ́ púpọ̀ jáde bẹ́ẹ̀. Tí irin bá ti wà ní £40 tàbí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá yí àwọn kọ́lékọ́lé sí onírin. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi kọ́lékọ́lé kan kún un, ẹ padà lọ wo irin, ẹ tún fi kan kún un.

Ẹ máa wò ó bóyá òṣìṣẹ́ kún inú ilé tí ẹ kọ́. Ilé-iṣẹ́ tí kò rí ènìyàn gbà, ògiri lásán ni. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbìn kí wọ́n lè rí jẹ nìkan ni wọ́n máa ń kúrò lóko wá sílé-iṣẹ́. Tí wọn bá ti tán ní ìpínlẹ̀ kan, ẹ lọ kọ́ ìkejì síbòmíràn. Tí ojú ọ̀nà ìpínlẹ̀ náà kò bá gbé ẹrù tó ń jáde, ọjà ibẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù dáadáa. Ìgbà yẹn ni rélùwéè wúlò, òun náà sì ń jẹ èédú àti ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: gbèsè àti tákàdá

Wúrà tó kún àpò ìjọba kò ṣe nǹkan kan fún yín. Tó bá kọjá ibi tí àpò gbà, èyí tó lé máa ń ṣòfò. Nígbà àlàáfíà, ẹ jẹ́ kí ìnáwó ju owó tó ń wọlé lọ díẹ̀, tó bá jẹ́ orí ilé kíkọ́ ni owó ń lọ. Ẹ tiẹ̀ lè jẹ gbèsè. Èmi kì í jẹ́ kí gbèsè mi kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí wọ́n lè yá mi, kí n lè ní àyè nígbà tí ogun bá dé. Ẹni tó wọ ogun pẹ̀lú gbèsè tó ti kún, èlé ló máa pa á kí ọ̀tá tó dé. Tí gbèsè bá kọjá ààlà, ìjọba yín á wọko gbèsè, ọ̀rọ̀ sì bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í ṣọ́ ni tákàdá. Àwọn ọ́fíìsì ìjọba ló ń mú Bureaucracy wá, ìyẹn agbára tí ìjọba fi ń ṣàkóso ìlú, tákàdá sì ni wọ́n ń jẹ. Yunifásítì náà ń jẹ ẹ́. Tí owó tákàdá bá ga, owó orí àti ìmọ̀ tuntun yín ń jìyà rẹ̀ láì jẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ kọ́ ilé-iṣẹ́ tákàdá kan nígbà tí ó bá yá.

Ní ti òfin, ṣókí ni mo máa sọ. Àwọn onílẹ̀ ló máa ń lágbára jù ní 1836, wọn kì í sì í fẹ́ àyípadà. Òfin tí ẹgbẹ́ kan nínú ìjọba yín ń ti lẹ́yìn ni kí ẹ gbé síwájú. Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀, àwọn oníléeṣẹ́ á máa lágbára sí i, òfin tí kò ṣeé gbà ní 1838 á sì di ohun tó rọrùn ní 1848. Ẹ má fi òfin ńlá kan ìlú nígbà tí ogun ń bọ̀. Rògbòdìyàn abẹ́lé lè bẹ́ sílẹ̀ kí ẹ máa bá ogun méjì jà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wá jókòó pẹ̀lú ọ̀rẹ́

Gbogbo yín gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀dà géèmù kan náà, kí mod (àtúnṣe tí àwọn tó ń ta á ṣe sí géèmù) tí ẹ ń lò sì bára mu. Tí ẹ̀dà ẹnì kan bá yàtọ̀, kò ní lè wọlé. Ẹ lè fi Steam dá a padà sí ẹ̀dà àtijọ́. Tí ẹni tó gbé eré kalẹ̀ bá ti ra àwọn àfikún olówó, ẹ̀yin yòókù á bá a lò ó nínú eré yẹn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yá, tí iná rẹ̀ dúró, tó sì ní àfikún púpọ̀ gbé e kalẹ̀.

Ẹ sọ̀rọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló mú Gẹ̀ẹ́sì, ta ló mú Fáransé? Ìgbà wo lẹnikẹ́ni lè kọ́kọ́ gbógun ti ẹlòmíràn? Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ẹni tó ń bá ènìyàn jà kó tó di 1850, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í sì í gbé ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Ta ló lè dá eré dúró, ìṣẹ́jú mélòó? Aago mélòó lẹ máa ṣíwọ́? Kò sí bí ẹ ṣe lè fi alẹ́ kan ta ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìyára márùn-ún ló wà. Ìkejì tàbí ìkẹta ló dára nígbà àlàáfíà, kí ẹ sì dín in kù tí ogun bá dé. Ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí Discord, áàpù ìbánisọ̀rọ̀ kan, torí ìdajì adùn rẹ̀ wà nínú ìdúnàádúrà.

Tí ìkìlọ̀ bá jáde pé kọ̀ǹpútà yín kò bára mu mọ́, ẹ má máa bá a lọ. Ẹ dá a dúró, kí ẹni tó gbé e kalẹ̀ fi eré pamọ́, kó sì tún un gbé kalẹ̀, kí gbogbo yín padà wọlé. Ó ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì sàn ju kí ẹnì kan rí ìṣẹ́gun tí ẹnì kejì kò rí.

Ìgbésẹ̀ keje: ogun

Ogun kì í kàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹ máa béèrè ohun kan lọ́wọ́ ọ̀tá, bóyá ilẹ̀, bóyá kó sanwó ìtanràn, òǹkà kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí ọgọ́rùn-ún. Láàárín àkókò yẹn ni ẹ̀yin méjèèjì máa wá alátìlẹ́yìn, kí ẹ ṣèlérí fún wọn. Ẹnikẹ́ni nínú yín tún lè jáwọ́ kí òǹkà yẹn tó dé òkè. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá béèrè máa ń kó Infamy bá yín, ìyẹn orúkọ burúkú lójú ayé. Tó bá ti kọjá 25, àwọn alágbára á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wò yín; tó bá dé 100, ẹ ti di ẹni ìtanù tí gbogbo ayé lè para pọ̀ bá jà. Ẹ gba díẹ̀, ẹ dúró kó wálẹ̀, kí ẹ tó gba òmíràn.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì yẹn, ẹ ṣí ojú ewé ọjà. Ìbọn, ọta, ìbọn àgbá. Tí èyíkéyìí nínú wọn bá ti ju iye ìpìlẹ̀ lọ nígbà àlàáfíà, ẹ má lọ. Kíkó ọmọ ogun jáde á tún gbé owó rẹ̀ gòkè gan-an, bó ṣe ṣe mí gẹ́lẹ́. Ẹ kọ́ ilé-iṣẹ́ ìbọn kan sí i, ẹ dúró ọdún kan.

Ìtàn ti fi èyí hàn. Ní ọjọ́ 3 oṣù keje 1866, ní Königgrätz, Prussia (ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ilẹ̀ Jámánì) àti Ọ́síríà kó ogun jọ, ọmọ ogun ìhà méjèèjì sì pọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n ìbọn Dreyse ló wà lọ́wọ́ àwọn ará Prussia, ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki í, wọ́n sì lè dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n ki í. Ìbọn ti Ọ́síríà, láti ẹnu ni wọ́n ti ń ki í, ìdúró ni. Rélùwéè sì ti kó ọmọ ogun Prussia dé kíákíá. Ilé-iṣẹ́ àti ojú irin ló ti parí ogun náà kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́. Nínú géèmù, ẹ máa tún ọ̀nà ìjà àwọn ọmọ ogun yín ṣe bí ìmọ̀ tuntun bá ṣe ń dé, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ilé-iṣẹ́ tó ń bọ́ wọn wà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Tí ogun bá bẹ̀rẹ̀, ẹ rán ọmọ ogun àti ọ̀gágun wọn sí ojú ogun kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa wo War Support, ìyẹn bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ń ti ogun náà lẹ́yìn tó. Tí ti ẹnì kan bá wálẹ̀ dé ọgọ́rùn-ún nísàlẹ̀ òdo, ó ti túúbá. Ó sì ṣòro kó wọ ìsàlẹ̀ òdo tí ọ̀tá kò bá tíì gba ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí tàbí olú-ìlú. Nítorí náà ilẹ̀ tí ẹ béèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe igbó tó wà lójú ọ̀nà. Tí òkun bá wà láàárín yín àti ọ̀tá, ẹ wo agbára ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kí ẹ tó fẹnu kan ọ̀rọ̀ náà. Lójú òkun, kò sí ẹni tó ń fojú di Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún wọ̀nyẹn.

Ọjọ́ tí ogun bá parí, yálà ẹ ṣẹ́gun tàbí ẹ kò ṣẹ́gun, ẹ dá ọmọ ogun padà sílé kíákíá, ẹ san gbèsè tó ní èlé, kí ẹ sì lọ wo iye irin. Ilé-iṣẹ́ ìbọn tí ẹ kọ́ kò ní rí oníbàárà mọ́, ìbọn á lulẹ̀ sí £30 tàbí kó tún wálẹ̀ sí i, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á sì máa tú ká. Ẹ wá ẹni tó ń múra ogun lọ́wọ́ láàárín àwọn ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ tà á fún un.